Ṣé kí n ṣègbéyàwó kí ìwé PR mi tó jáde, àbí kí n dúró?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Súrùlérè ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Oṣù Kẹfà ni mo fi ìwé PR Kánádà (ìwé olùgbé títí láé) sílẹ̀ lábẹ́ Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń fi máàkì yan àwọn tó mọṣẹ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò tí ì lọ́kọ. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ìlera lóṣù Keje. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lásìkò Àjíǹde, àwọn òbí sì ti mú ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá: ìdána ní Ọjọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé. Wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn n'Íkẹjà. COPR mi, ìyẹn ìwé tí mo máa fi wọ Kánádà láti di olùgbé, lè dé nígbàkigbà. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé ní kí a ṣe ìdána nìkan, kí a fi kóòtù àti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá débẹ̀, nítorí pé Kánádà kò ka ìdána sí. Àǹtí mi ní tí mo bá ṣègbéyàwó pẹ́nrẹ́n, ìwé náà á kú, pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọ̀rẹ́ òun. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sì yí orúkọ páṣípọ́ọ̀tù mi sí ti ọkọ mi?"

Arábìnrin, ẹ kú ìmúra. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín dà bíi méjì, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló bí wọn: pé Kánádà kò fẹ́ kí ẹni tó ń dúró de PR lọ́kọ tàbí kó láya. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò síbi tí òfin wọn ti ní kí ẹ má ṣègbéyàwó nígbà tí ìwé yín wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọn kò gbà ni pé kí ẹ wọ̀lú gẹ́gẹ́ bí olùgbé títí láé, kí ẹ sì ní ọkọ kan nílé tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ibodè bá parí iṣẹ́ lórí COPR yín ní pápákọ̀ òfurufú Kánádà lẹ di olùgbé títí láé. COPR tó wà nínú àpótí yín ní Súrùlérè kò tí ì sọ yín di nǹkan kan. Bí ẹ bá ti lọ́kọ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìbáà ṣe ọdún kan ṣáájú, ìbáà ṣe àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wọkọ̀, orúkọ ọkọ yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú fáìlì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ lọ́kọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kọ̀wé pè é wá.

Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí yín sọ kì í ṣe irọ́, òfin ìlú mìíràn ni. Ní Amẹ́ríkà, bí òbí tó ní green card bá kọ̀wé fún ọmọ rẹ̀ tó ti pé ọdún 21, ìsọ̀rí àwọn ọmọ tí kò tí ì ṣègbéyàwó ni wọ́n ń fi í sí, F2B ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ náà bá ṣègbéyàwó kó tó wọlé, ìwé náà kú pátápátá, nítorí pé kò sí ìsọ̀rí tí ẹni tó ní green card lásán lè fi pe ọmọ tó ti lọ́kọ. Ọmọ Èkó tó ti kó sí kòtò yẹn pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa jà ràn-ìn lóde ìnáwó. Lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tún yàtọ̀: ẹni tí kò láya nígbà tó forúkọ sílẹ̀, tó wá gbéyàwó lẹ́yìn náà, lè mú ìyàwó rẹ̀ mọ́ra lọ. Ti Express Entry tí ẹ̀yin gbà kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ yín, ìwé tí ẹ kà, ọjọ́ orí yín àti èdè Gẹ̀ẹ́sì yín lẹ fi wọ̀ ọ́, ẹ kò wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹnì kankan. Ọkọ tí ẹ bá fẹ́ kò lè pa á fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ràn ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé ló bà mí lẹ́rù. Bí Kánádà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ṣègbéyàwó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá ìgbéyàwó náà bá òfin mu ní ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ti Marriage Act tí àwa ń pè ní kóòtù, ti àṣà ìbílẹ̀, àti ti ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìgbéyàwó. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdána látìgbà tí alága ìjókòó bá ti gba gbohùngbohùn. Ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ, wọ́n sì ka èsì rẹ̀. Bàbá ìyàwó ní àwọn fọwọ́ sí i. Owó orí jáde nínú àpò ìwé, ẹrù ìdána wà nílẹ̀, oyin, iyọ̀, ataare, obì, orógbó, wọ́n fi ṣàdúrà, wọ́n sì fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́. Àdéhùn ẹbí méjèèjì, owó orí, fífa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́: ohun tí ilé ẹjọ́ wa ń wò láti mọ̀ bóyá ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wáyé gan-an nìyẹn. Nígbà tí alága bá fi máa ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ káàkiri, ẹ ti di ìyàwó lábẹ́ òfin, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà kóòtù Ìkòyí. Àwọn kan á ní bàbá dá owó orí padà, pé òun kò ta ọmọ. Ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á kí wọ́n tó dá a padà, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ìyẹn ṣe àwíjàre níwájú òṣìṣẹ́ Kánádà. Bákan náà ni yìgì: ọjọ́ tí àfáà so ó, tí wọ́n gba sàdáákì, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì wà níkàlẹ̀, ìgbéyàwó ti dé.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí ẹ ṣe lásìkò Àjíǹde kò sí lára èyí. Ẹbí mọ ẹbí, wọ́n jẹun, kò sẹ́ni tó san owó orí, kò sì sẹ́ni tó fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò tí ì lọ́kọ lẹ ṣì jẹ́ títí di òní, òótọ́ sì lẹ kọ sí fọ́ọ̀mù. Kánádà kò ní àyè kankan fún afẹ́sọ́nà, wọn kò sì ní físà afẹ́sọ́nà bíi ti Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣoṣo tó lè yí èyí padà ni pé kí ẹ ti jọ máa gbé inú ilé kan náà bíi tọkọtaya fún oṣù 12 gbáko. Common-law partner ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ọkọ gidi ni wọ́n sì ṣe ń kà á. Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìbéèrè yín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ìdána tó dé rárá.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Ẹ ṣe ìdána lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, COPR dé, ẹ wọkọ̀ lóṣù Kìíní. Ó wà lórí COPR bóyá ẹ lọ́kọ tàbí ẹ kò lọ́kọ, ẹ ó sì buwọ́ lù ú níwájú òṣìṣẹ́. Abala 51 nínú ìlànà wọn sọ pé ẹni tó bá ti di ọkọ tàbí aya ẹnì kan lẹ́yìn tí físà jáde gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, kódà bí wọn kò bá bi í. Ẹ dákẹ́, ẹ wọlé, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń rò pé ó ti bọ́ sí i. Ìgbà tí ẹ bá ń kọ̀wé pe ọkọ yín ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ fẹ́ ẹ̀rí pé ìfẹ́ yín kì í ṣe ti ìwé ìrìnnà, fọ́tò ìdána ni ẹ̀rí tó dára jù tí ẹ ní, ọjọ́ sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga yín. Ó wà lára ike tí ẹ pín fún àlejò, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì lókè, ọjọ́ nísàlẹ̀. Sáfíkéètì kóòtù yín ń sọ ọjọ́ kan, ike ń sọ ọjọ́ mìíràn tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ wọ̀lú. Abala 117(9)(d) ló máa dá a lẹ́jọ́: ẹni tó jẹ́ ọkọ yín lọ́jọ́ tí ẹ di olùgbé, tí ẹ kò sọ, tí wọn kò sì yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹbí yín mọ́ lábẹ́ ètò tí a fi ń pe ẹbí wá. Kì í ṣe ìyà ọdún díẹ̀; kò ní òpin. Ní 9 oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n dá ètò àánú kan sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé gẹ́gẹ́ bí asásálà tàbí àwọn tí ẹbí pè wá ló wà fún. Ẹni tó bá Express Entry wọlé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àánú lásán ló kù fún un, ìyẹn sì lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ẹ̀yin alára tún lè fojú winá abala 40 nínú òfin ìgbélùú wọn, ìyẹn irọ́ pípa tàbí fífi òótọ́ pamọ́: wọ́n lè gba PR lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 5. Ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o.

Ní ti máàkì CRS, ìyẹn máàkì tí Express Entry fi ń yan èèyàn, ibi tí ìwé dé nígbà tí ìgbéyàwó wáyé ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó ṣì wà nínú adágún Express Entry, ìyẹn àkójọ àwọn tó ń dúró de ìpè láti fi ìwé sílẹ̀, tí wọn kò tí ì pè, gbọ́dọ̀ lọ yí ìdáhùn rẹ̀ padà lọ́jọ́ tó bá ṣègbéyàwó, máàkì rẹ̀ á sì yí. Ẹ jẹ́ kí n fi irú yín ṣe àpẹẹrẹ: ọdún 31, dìgírì àkọ́kọ́, CLB 9 (CLB ni ìwọ̀n tí Kánádà fi ń díwọ̀n èdè) nínú ẹ̀ka èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kò bá lọ́kọ, ọjọ́ orí jẹ́ 99, ìwé 120, èdè 124, àpapọ̀ 343. Bó bá lọ́kọ, wọ́n á di 90, 112 àti 116, àpapọ̀ 318. Máàkì 25 ti lọ. Àwọn èèyàn máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọkọ ń jẹ máàkì. Wọn kò ka apá kejì: bí ọkọ náà bá ní dìgírì tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ó mú 8 wá, bó bá ṣe IELTS tó sì gba CLB 9, ó mú 20 wá. Ìyẹn 28, tó gbé e dé 346, ó sì fi mẹ́ta ju ti ẹni tó dá wà lọ. Ọkọ tí kò ṣe ìdánwò ló ń jẹ máàkì. Ẹni tí wọ́n ti pè, tó ń lo ọjọ́ 60 rẹ̀ láti kó ìwé jọ, ló wà níbi tó le jù: bó bá ṣègbéyàwó láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kó tún máàkì rẹ̀ ṣírò, bó bá sì bọ́ sábẹ́ iye tó kéré jù tí wọ́n pè lọ́jọ́ náà, kó kọ ìpè náà kó padà sínú adágún. Ẹ̀yin ti ré ibẹ̀ kọjá. Òfin wọn ní ọjọ́ ìpè àti ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ń fi wo máàkì, oṣù Kẹfà ni tiyín sì dé. Ìgbéyàwó oṣù Kejìlá kò lè fa máàkì yẹn sílẹ̀ mọ́.

Owó ló lè fà á. Owó ìtẹ̀dó, ìyẹn owó tí ẹ máa fi hàn pé ẹ lè fi gbọ́ bùkátà ara yín bí ẹ bá débẹ̀, gbọ́dọ̀ tó lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, kó sì tó lọ́jọ́ tí físà fẹ́ jáde, iye orí tó wà nínú ẹbí ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Nínú tábìlì tí wọ́n gbé jáde lóṣù Keje 2025, ẹnì kan jẹ́ 15,263 dọ́là Kánádà, ẹni méjì jẹ́ 19,001. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,738, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yí i padà. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ ọ́ pé ọkọ yín kò ní bá yín lọ nísinsìnyí, ẹni méjì ni wọ́n ṣì máa kà yín sí, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Owó tó wà lórúkọ ọkọ wúlò bí ẹ bá jọ lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń ba lẹ́tà bánkì jẹ́ ni owó ńlá tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú láìní àlàyé, nítorí pé lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ iye tó wà níbẹ̀ ní ìpíndọ́gba fún oṣù mẹ́fà. Owó ìnáwó tí àwọn èèyàn rọ̀jò lé yín lórí lè wọlé, ó kàn ní láti ní ẹnu tó máa sọ ibi tó ti wá. Owó ìwé náà tún wà: nínú iye tí wọ́n gbé jáde ní 30 oṣù Kẹrin 2024, 950 dọ́là ni ti ọkọ tàbí aya, pẹ̀lú 575 fún ẹ̀tọ́ ìgbélùú. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fi owó lé e, ẹ wo iye rẹ̀ lójú òpó wọn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san án.

Bí ẹ bá ṣègbéyàwó kí COPR tó dé, báyìí ni wọ́n ṣe ń fi ọkọ kún un. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn Sátidé yẹn, ẹ lọ sí fọ́ọ̀mù ìbéèrè lójú òpó IRCC, iléeṣẹ́ ìgbélùú Kánádà, ẹ kọ nọ́ńbà ìwé yín àti UCI, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi dá yín mọ̀, ẹ sọ pé ipò yín ti yí padà. Ẹ so sáfíkéètì ìgbéyàwó mọ́ ọn, ojú ìwé páṣípọ́ọ̀tù ọkọ, àti lẹ́tà àlàyé olójú ìwé kan. Ọjọ́ tó wà lórí sáfíkéètì ni kí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù, ẹ sì sọ nínú lẹ́tà pé ìdána wáyé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, kó má baà sí ọjọ́ méjì tí ẹnu yín kò kò. Wọ́n sábà máa ń béèrè IMM 0008, IMM 5669 àti IMM 5406 fún un, wọ́n á ní kó wá tẹ̀ka, wọ́n á sì fún un ní ìwé tó máa mú lọ sọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tiwa, Alágbọn ló ti ń wá. Bó bá ti gbé oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn láàárín ọdún 10, kó ti kọ̀wé síbẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí èyí ló ń pẹ́ jù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ìdáhùn tó fi hàn pé ó dé, nítorí pé fọ́ọ̀mù náà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Fáìlì yín á dúró dè é. Àyẹ̀wò ìlera tí ẹ ṣe lóṣù Keje kò kọjá oṣù 12, COPR kì í sì í sábà kọjá ọjọ́ tí àyẹ̀wò náà máa kú. Bí tirẹ̀ bá falẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ tún tiyín ṣe. Owó nìyẹn, kì í ṣe ikú.

Ohun tó lè di ikú fún fáìlì ni ohun tí afẹ́sọ́nà yín kò tí ì sọ fún yín. Ẹ jókòó, ẹ bi í. Ṣé ó ní ọmọ kankan níta? Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 22, tí kò sì tí ì ṣègbéyàwó, di ẹbí yín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú ló máa wà títí ayé. Bí ìyá ọmọ bá kọ̀ pé wọn kò ní mú ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan, fáìlì yín á dúró gbagidi títí ẹ ó fi rí ọ̀nà bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ó ti ṣe ìdána pẹ̀lú ẹlòmíràn rí? Bó bá ti ṣe é, tí wọ́n kàn pínyà láìsí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ìgbéyàwó yẹn ṣì lè wà láàyè, tiyín kò sì ní dúró. Ṣé ó ní ẹjọ́ ọ̀daràn? Èyí tó bá dí ọkọ lọ́wọ́ lè dí ẹ̀yin náà lọ́wọ́, nítorí pé ẹbí kan ni wọ́n ń kà yín sí.

Bí COPR bá wá dé kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó pé ńkọ́? Ẹ ní ọ̀nà méjì tó mọ́. Ẹ lè wọkọ̀ kíákíá, ẹ gúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lọ́kọ, òótọ́ pọ́ńbélé, kí ẹ sì padà wá ṣe ìnáwó. Káàdì PR ló máa dùn yín níbẹ̀: àdírẹ́sì Kánádà nìkan ni IRCC ń fi í ránṣẹ́ sí, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ kò bá lè dúró gbà á, kí ẹni tó ṣe é fọkàn tán gbà á kó fi ránṣẹ́ sí yín n'Ékòó. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó gba ìwé ìrìnnà PRTD kí ọkọ̀ òfurufú tó gbé yín padà. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ má lọ, kí ẹ ṣègbéyàwó, kí ẹ sì sọ fún wọn kí ẹ tó gbé àpótí. Wọ́n máa dá COPR náà dúró títí wọ́n á fi yẹ ọkọ yín wò. Ẹ má ṣe gbé e dé ibodè kí ẹ tó sọ ọ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ní agbára láti fi ọkọ kún fáìlì lójú ẹsẹ̀, ó sì lè kọ̀ láti sọ yín di olùgbé lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, tó wá ṣègbéyàwó lẹ́yìn náà, ló máa kọ̀wé pe ọkọ. Nínú iye tí wọ́n gbé jáde ní 2024, owó rẹ̀ jẹ́ 1,205 dọ́là lápapọ̀, láìka ti ìka títẹ̀. Wọn kò béèrè iye owó oṣù kan pàtó fún ọkọ tàbí aya, àfi kó má jẹ́ pé owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lẹ ń jẹ, ẹ ó sì ṣèlérí láti gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún 3. Ó lè gba ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá jẹ́ olùgbé, tí ẹ kò tí ì di ọmọ ìlú, Kánádà lẹ gbọ́dọ̀ máa gbé bí ìwé náà ṣe ń lọ. Ìyàwó tuntun tó padà wá gbé oṣù mẹ́jọ n'Íkẹjà lọ́dọ̀ ọkọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé náà jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àgbà ilé dá ọgbọ́n fọ́tò: kí ẹ wà ní Toronto, kí wọ́n gbé àwòrán yín sórí àga, tàbí kí àbúrò yín jókòó dípò yín, kí ẹ máa wò ó lórí fóònù. Láti 11 oṣù Kẹfà 2015 ni Kánádà kò ti gba ìgbéyàwó tí ọ̀kan nínú tọkọtaya kò sí níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ì báà jẹ́ aṣojú, ì báà jẹ́ fóònù, ì báà jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Lójú tèmi, ẹ má yí ọjọ́ náà padà. Bí COPR bá dé kí oṣù Kẹwàá tó parí, tí ẹ sì ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ó bọ́gbọ́n mu kí ẹ lọ gúnlẹ̀ kí ẹ padà wá, pàápàá bí iṣẹ́ bá ń dúró dè yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọdún kan àbọ̀ lè wà láàárín yín àti ọkọ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá di oṣù Kọkànlá tí kò tí ì dé, ẹ gbàgbé eré sísá, ẹ ṣègbéyàwó, ẹ sọ fún wọn, ẹ sanwó rẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Ìdádúró oṣù díẹ̀ sàn ju ọdún kan lórí fóònù lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó díjú nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀, ọmọ níta, ìdána àtijọ́, ẹjọ́, kó wá lọ́yà ìwé ìgbélùú tàbí agbaninímọ̀ràn tó wà lórí ìwé CICC, àjọ tó ń fún àwọn agbaninímọ̀ràn ìgbélùú Kánádà níwèé àṣẹ. Orúkọ wọn wà lójú òpó wọn fún ẹnikẹ́ni láti wò. Ìdáhùn bíi tèmi yìí kò tó fún irú rẹ̀.

Kí ìwé ìgbéyàwó yín náà má baà ní àbùkù, ẹ ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ ní kóòtù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fún yín ní Form C, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ lè ṣègbéyàwó. Bí ìgbéyàwó kò bá wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìkéde, gbogbo rẹ̀ di òfo. Nítorí náà, fún oṣù Kejìlá, ẹ má fi í sílẹ̀ kí ìdajì oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ẹ má sì jẹ́ kó wọ ìdajì oṣù Kọkànlá. Ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba fún níwèé àṣẹ ìsopọ̀, Form C sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ pásítọ̀ kí ó tó so yín pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tó bá kàn tẹ káàdì aláràbarà fún yín, tí kò bi yín léèrè Form C, ìsìn ìbùkún ló ṣe, ìdána yín ló máa wá jẹ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo tí ẹ ní. Ẹ bi akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè.

Ọ̀rọ̀ páṣípọ́ọ̀tù: ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin Nàìjíríà kò fi ipá mú ìyàwó láti jẹ́ orúkọ ọkọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ tó wà lórí COPR gbọ́dọ̀ bá ti páṣípọ́ọ̀tù mu. Bí ẹ bá yí i nísinsìnyí, gbogbo fáìlì, lẹ́tà bánkì àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ló máa nílò àlàyé. Ẹ gúnlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá yín, kí ẹ yí i lẹ́yìn náà bó bá wù yín. Ti afẹ́sọ́nà yín ni kí ẹ wò: bí ti ọwọ́ rẹ̀ bá ku ọdún kan péré, kó lọ tún un gbà ní Àlàúsá tàbí Ìkòyí kí oṣù Kejìlá tó dé, nítorí físà tí wọ́n máa fún un kò ní kọjá ọjọ́ tí páṣípọ́ọ̀tù náà máa parí.